Ẹ́ńjìnnì Bàbá Juliet Lábẹ́ Igi Mángòrò

Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn Bàbá Juliet kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ti dé etí títì, ló bá yíjú padà.

"Ìyá Juliet! Má jẹ́ kó pẹ́ lórí ikùn rẹ̀ o. Bí mi ò bá dé lọ́la, sọ fún Ìbítóyè kó bá mi gbé e gorí táyà."

"Mo ti gbọ́. Ẹ ò tilẹ̀ jẹun."

"Fi èmi sílẹ̀. Òun ni kó o máa wò."

Ìlọrin ló ń lọ, láti ra ríìngì tí wọn yóò fi tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe. Ọkọ̀ tó wọ̀ dojú dé lọ́nà. Ní ọjọ́ kejì, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé fún mi.

Bámigbóyè lorúkọ rẹ̀, ọmọ Kàbà níbí. Dírẹ́bà ni, Ìlọrin ló sì ti kọ́ iṣẹ́, nígbà tí àwa náà ṣì jẹ́ ará Kwara. Nígbà tí wọ́n ní a ti di ará Kogi, tí wọ́n sọ Lọ́kọ́ja di olú ìlú, inú ọ̀pọ̀ èèyàn kò dùn, kò yé wọn. Tirẹ̀ yé e. Ó ní gbogbo òṣìṣẹ́ tí ìjọba ń kó lọ síbẹ̀ ni yóò jẹ iṣu. Ó ra Píjò àlòkù kan tó ní ẹ̀yìn ìkẹ́rù, ó ń kó iṣu láti Odò-Ẹrẹ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja. Bí ẹnìkan bá bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé òun, a ní, "Iṣu ló kọ́kọ́ wọlé o. Bí iṣu bá gbà fún ọ, jókòó." Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá ti ọ̀nà dé, ẹ́ńjìnnì ni yóò kọ́kọ́ tẹ́tí sí kó tó kí mi.

Nígbà tí ọkọ̀ náà wá ń mu ọ́yìlì, tó ń rú èéfín bíi ti ẹni tó ń yan ẹja, òun àti Ìbítóyè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ mẹkáníìkì, so ṣéènì mọ́ ẹ̀ka mángòrò ẹ̀yìnkùlé wa, Ìbítóyè àti àwọn ará gáréèjì sì fi fa ẹ́ńjìnnì náà jáde. A ò ní irin tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá máa ń gbé e lé. Ilẹ̀ ló bọ́ sí. Bàbá Juliet ní ti alẹ́ ọjọ́ yẹn nìkan ni, torí páànù tín-ín-rín ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ́yìlì ń gbé. Bí ìwúwo rẹ̀ bá pẹ́ níbẹ̀, yóò tẹ̀ wọnú. Mo ní ṣé bí ìkòkò tí kò ní òṣùká ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, táyà ni òṣùká rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìbítóyè yí táyà dé, ó kí mi.

"Okun o, Ìyá Juliet. Ẹ́ńjìnnì ni mo wá gbé."

Elizabeth, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló dáhùn láti inú ilé. "Gbé e lọ síbo?"

"Gorí táyà ni, Màmá. Ibẹ̀ náà ni."

"Ṣé o ò mọ ilé tí o wà ni? Ohun tí òkú ilé yìí bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kalẹ̀, a kì í ṣí i nípò títí ẹbí á fi jókòó pín ogún. Àní ṣíbí!"

"Màmá, ṣíbí kì í dípẹtà."

"Máa rẹ́rìn-ín. Ìwọ ni òkú náà yóò bi léèrè."

Ìbítóyè gbé táyà ti ògiri, ó lọ.

Nínú aṣọ dúdú tí mo wà, orí mi dàrú. Bí ẹ́ńjìnnì yẹn bá kú, ọkọ̀ náà di ilé adìẹ nìyẹn, kò sì sí ohun mìíràn tí èmi àti Juliet yóò máa jẹ. Ọkọ mi ní kí n gbé e. Elizabeth náà ọkọ mi ni, nítorí ọkọ ni gbogbo ilé ọkọ. Òun ní n kò gbọdọ̀ gbé e. Èwo nínú ọkọ méjèèjì ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ẹbí kò sì jókòó. Ọláníran tó jẹ́ àgbà wọn, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e láti Ìlọrin lọ sí Lọ́kọ́ja ni, kò rílé, kò rí ìsinmi gbà. Ó ní ó di Àjíǹde. Àjíǹde dé, ó ní ó di ẹ̀yìn rẹ̀. Òjò ló kọ́kọ́ dé.

Mo ní ẹni tí kò lè gbé e yóò bò ó. Mo fi ọ̀rá dúdú wé e yíká, mo fi okùn dì í pinpin bí ẹni ń di ẹrù ìrìn àjò. Mo gbẹ́ ojú àgbàrá yí i ká. Inú mi dùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo tú u wò: omi ń kán nínú ọ̀rá náà bí omi ìdérí ìkòkò. Ìpẹtà ti kùn ún bí osùn, ìdí rẹ̀ sì ti rì wọ ilẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ wá wo nǹkan!"

Elizabeth wá, ó dúró, ó ń wò ó.

"Ta ló gbé e síbí?" ni mo bi í.

"Bámigbóyè ni."

"Rárá o. Ìbítóyè àti àwọn ará gáréèjì ló gbé e. Ojú mi ló ṣe. Bàbá Juliet kàn ń pariwo 'ẹ rọra, ẹ rọra' ni."

"Ta ló ní kí wọ́n gbé e síbí?"

"Òun ni."

"Ọwọ́ rẹ̀ náà nìyẹn."

"Ẹnu rẹ̀ ni, ọkọ mi. Ẹnu yẹn náà ló sì ní kí wọ́n gbé e gorí táyà."

Ó jókòó sórí gbòǹgbò mángòrò. "Ìyàwó wa, o ti dà mí lórí rú."

"Tèmi ti dàrú ṣáájú tiyín."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe Ìbítóyè. "Èmi ni n ó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án," ló wí. "Bí Ọláníran bá bi yín, ẹ ní Elizabeth ni." Ó fọwọ́ kàn án, ó sún sẹ́yìn. Wọ́n fi ṣéènì fà á sókè, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sórí táyà, wọ́n fi igi há a lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kó má baà ṣubú. Wọ́n fi àkísà gbígbẹ dí àwọn ihò rẹ̀. A fi igi mẹ́rin gbé páànù sókè lórí rẹ̀, kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ìbítóyè wá fi sípánà kọ́ nọ́ọ̀tì iwájú rẹ̀, kó yí i wò bóyá inú ẹ́ńjìnnì náà kò tíì dì. Ó yí díẹ̀, ó han, ó dúró. Ìbítóyè tún fara tì í. Kò lọ mọ́.

"Ìyá Juliet, ẹ jẹ́ kó sinmi ná." Ó tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó rọ ọ́yìlì sí ihò wọn, ó dì wọ́n padà. "Ó ń bọ̀ wá rọ̀. Màá wá dán an wò."

Bóyá ọjọ́ tí mo gbọ́ ti Elizabeth ló bàjẹ́, bóyá ọjọ́ tí mo fi ọ̀rá dì í, bóyá kò tilẹ̀ bàjẹ́ rárá, mi ò mọ̀. Òjò ọdún méjì ti rọ̀ kọjá. Ìbítóyè máa ń wá kí mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a kọ ẹ̀yìn sí igi. Èmi ò bi í bóyá ẹ́ńjìnnì náà ti rọ̀, òun náà ò sọ ọ́. A ò tíì fi sípánà kàn án lẹ́ẹ̀kejì; bí a ò bá tíì dán an wò, kò tíì kú.