Ọkọ̀ Gígùn Tí Wọ́n Ṣèlérí fún Bàbá Mi

Kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún mi yàtọ̀ sí òsì ni bàbá mi ti ń wa ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan fún olówó kan ní Cocody ní Abidjan, mo sì ti hu irùngbọ̀n kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ọkọ̀ náà gùn débi pé bí imú rẹ̀ bá ti wọ ẹnu ọ̀nà ilé, ìdí rẹ̀ ṣì wà lójú títì. Ó dúdú bí aró, ara rẹ̀ ń dán, àga iwájú rẹ̀ sì gùn gbọọrọ bíi bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí owó kòkó ń ṣàn ní Abidjan ni olówó náà rà á ní tuntun. Patron, ìyẹn ọ̀gá, ni gbogbo ilé wa ń pè é, tó fi dé orí èmi tí kò gbà síṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan, patron wà lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń ka ìwé ìròyìn, ó kàn gbójú sókè, ó ní, "Le vieux," ìyẹn bàbá àgbà, "lọ́jọ́ tí n kò bá lo ọkọ̀ yìí mọ́, tìrẹ ni." Gbólóhùn kan péré. Bóyá kó tó ṣí ojú ewé kejì ló ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n bàbá mi gbé gbólóhùn yẹn wálé sí Treichville bí ẹni gbé ẹyin, láti ọjọ́ náà ni a sì ti ń jẹ ẹ́. Bí ìyá mi bá ń ráhùn pé gbogbo ẹgbẹ́ wọn ti kọ́lé sí Èjìgbò, ìlú wa, bàbá mi á ní, "Ẹ ní sùúrù, ọkọ̀ ń bọ̀." Bí Kérésìmesì bá dé tí patron kò fi nǹkan kan ránṣẹ́, ọkọ̀ ń bọ̀. Bàbá mi ti pète rẹ̀ tán: wọ́n á wà á fúnra wọn gba Ghana, gba Togo, gba Benin, títí dé ẹnu ọ̀nà ilé baba wọn, wọ́n á sì fọn fèrè rẹ̀ títí tí àwọn tó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín yóò fi jáde.

Àwọn ẹlẹ́yà náà pọ̀. Nínú ọgbà ilé wa, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pe bàbá mi lẹ́yìn: Ọkọ̀-ń-bọ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní ìhà àríwá ni patron kú. Wọ́n sin ín tìlù tìfọn. Bàbá mi wọ aṣọ dúdú, wọ́n dúró sẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú àwọn olùṣọ́ àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀. Àwọn ọmọ olóògbé ní àwọn yóò pè wọ́n. Wọn ò pè. Wọ́n fa ọkọ̀ náà lọ sí oko bàbá wọn ní Bingerville, wọ́n gbé e sábẹ́ igi máńgòrò. Mo ní kí bàbá mi lọ bá wọn, kí wọ́n rán wọn létí. Bàbá mi wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n lọ jalè. Wọ́n ní, "A kì í tọrọ ohun tí wọ́n ti fún wa. Òkú ni kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ á rántí." Wọ́n bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ọkọ̀ tó bá fẹsẹ̀ falẹ̀ níwájú ilé, wọ́n á na ọrùn wò ó.

Inú bí mi. Iṣẹ́ àga ọkọ̀ ni mò ń ṣe ní Koumassi, àwa ni wọ́n ń pè ní tapissier. A máa ń bọ́ awọ àga tó ti gbó, a sì máa ń rán tuntun. Mo mọ ohun tí ọkọ̀ ń dà bí ó bá jókòó sábẹ́ máńgòrò. Mo ní bí wọ́n bá jẹ́ kó jẹrà tán, ohun tí bàbá mi fi ogún ọdún retí yóò di ilé adìyẹ. Mo gbéra, mo lọ bá ọmọbìnrin patron, torí òun ni wọ́n pín ọkọ̀ náà fún. Mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó béèrè àlàáfíà bàbá mi, ó ní èèyàn dáadáa ni wọ́n. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ iye tó ń tà á. Kò yọ kọ́bọ̀.

Mo rà á. Ìyá mi nìkan ni mo sọ fún, wọ́n sì fi owó aṣọ òkìrìkà tí wọ́n ń tà kún un. A ní a ò ní jẹ́ kí bàbá mi gbọ́ títí tí yóò fi dára.

Ó burú ju bí mo ṣe rò lọ. Adìyẹ ti yé sí i. Èkúté ti jẹ gbogbo àga. Oje máńgòrò ti bó awọ tó bo òrùlé rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà kò mira. Mẹkáníìkì kan nínú ìjọ wa, ará Benin, tó ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn tó ń ta òkú ọkọ̀ ní Adjamé, ṣí iwájú rẹ̀, ó tún pa á dé, ó ní, "Àbúrò, ẹ ò bá kúkú sin ín." A wá ẹ̀yà ara rẹ̀ títí, kò sí. Nígbẹ̀yìn, kabúrétọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù àwọn ará Japan la gé tí a jó mọ́ ọn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dún, èéfín rẹ̀ lé àwọn oníbàárà lọ. Àwọn gíláàsì rẹ̀ tó yẹ kó máa gòkè fúnra wọn, ọ̀kan ṣoṣo ló gbà láti ṣiṣẹ́.

Àga ni iṣẹ́ tèmi. Mo tú gbogbo wọn sílẹ̀, mo fọ ìpẹtà kúrò lára àwọn irin inú wọn, mo rán awọ tuntun sí wọn, aláwọ̀ wáìnì bíi ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún, ibẹ̀ ni patron máa ń jókòó. Ìdí rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ di kòtò. Mo fa fóòmù ibẹ̀ ya, mo jù ú nù, mo sì fi tuntun dí i dáadáa, kí bàbá mi má baà jókòó sínú kòtò ẹlòmíràn. Nínú gbogbo ogún ọdún yẹn, wọn ò jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ náà rí. Ohun tí mo fẹ́ kò ju ìyẹn lọ: kí bàbá mi jókòó sẹ́yìn, kí èmi máa wà wọ́n.

Àárọ̀ Sátidé kan ni mo wà á wọlé. Gbogbo ọgbà jáde. Bàbá mi yọ tàwọn ti orín lẹ́nu. Wọ́n rìn yí i ká, wọ́n fọwọ́ pa á lórí bí ẹni ń pa ọmọ lórí. Mo lanu kí n sọ̀rọ̀, wọ́n ti pariwo:

"Mo sọ fún yín! Mo sọ fún gbogbo yín! Patron ò gbàgbé mi! Àwọn ọmọ rẹ̀ ti rántí!"

Ìyá mi yára jù mí lọ. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, olówó orí mi. Wọ́n ti rántí yín."

Mo fa ìyá mi lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Wọ́n ní, "Kí ló bàjẹ́ níbẹ̀? Fi wọ́n sílẹ̀, kí wọ́n fi í borí àwọn ẹlẹ́yà. O ti ní èrè tìrẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́run." Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, ṣùgbọ́n mo wo bàbá mi níta, wọ́n ń fọn fèrè ọkọ̀ bí ọmọdé, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Ọlọ́gbọ́n obìnrin ni ìyá mi. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n gbàgbé: irú ọkọ tí wọ́n fẹ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi fi tọ́ wa dàgbà nìyẹn. Ẹni tó bá fún wọn ní iṣu kan, wọ́n á ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Odidi ọkọ̀ ńkọ́?

Lọ́jọ́ Àìkú wọ́n jẹ́rìí nínú ìjọ. Àwọn tó ń pè wọ́n ní Ọkọ̀-ń-bọ̀ pàtẹ́wọ́. Ní Mọ́ńdè, mo jí bá wọn nínú agbádá, iṣu àti àkùkọ ti wà nínú búùtù, àgbà ìjọ méjì sì ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Wọ́n ní kí n máa wà wọ́n lọ sí Cocody, àwọn fẹ́ lọ dúpẹ́.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀. Wọ́n ní bóyá àwọn ọmọ náà ti rìnrìn àjò. Wọ́n ní ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pè wọ́n.

Bàbá mi ní, "A kì í fi fóònù dúpẹ́ ọkọ̀."

Mo wà wọ́n lọ. Wọ́n jókòó sẹ́yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, lórí fóòmù tí mo fọwọ́ ara mi tò. Mo ń wò wọ́n nínú dígí. Wọ́n gbé apá lé ojú fèrèsé, wọ́n ń mi orí sí àwọn èèyàn lórí afárá bíi gómìnà. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà náà, n kò sọ ọ́, torí ohun tí mo fi oṣù gbọọrọ ṣiṣẹ́ fún ni mò ń wò yẹn. Àwọn èèyàn a máa ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Irọ́ tiwa ò tilẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan.

Olùṣọ́ ẹnubodè rí wa, ó pariwo ìkíni àárọ̀ ní èdè Jula: "I ni sogoma, vieux!" Ọmọbìnrin patron ń jáde lọ síbi iṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi ṣí fìlà. Wọ́n tẹríba fún un, àwọn tó ti gbé e lọ sílé ìwé nígbà tí kò tíì ní eyín iwájú. Wọ́n sọ Faransé tí wọ́n ti ń tò láti òru: "Madame, on est venus dire merci. Pour la voiture." A wá dúpẹ́ ọkọ̀.

Ó wò mí. Ó tún wo bàbá mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Merci de quoi, le vieux? Votre fils l'a payée." Ọpẹ́ kí ni? Ọmọ yín ló sanwó rẹ̀. Kò ní i lọ́kàn láti ṣe wọ́n ní ibi. Ó rò pé ọjọ́ ogbó ló jẹ́ kí wọ́n gbàgbé. Ó tilẹ̀ fi kún un pé orí bàbá òun ò bá wú láti rí i bó ṣe dára tó.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, kò gbọ́ Faransé. Ó bi ìkejì léèrè pé, "Kí ló wí?"

Bàbá mi dé fìlà wọn padà. Wọ́n ṣí búùtù, wọ́n kó iṣu jáde, wọ́n kó àkùkọ jáde, wọ́n ní, "A ti gbé e wá." Ọmọbìnrin náà pe ọmọ ọ̀dọ̀ kó wá kó o, ó dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá mi na ọwọ́ sí mi fún kọ́kọ́rọ́. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi wíwà rẹ̀ pa ìbínú rẹ́ ni. Wọ́n rìn lọ sẹ́yìn, wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n dúró ṣánṣán, wọn ò wojú mi. Wọ́n ní, "Patron, on y va?" Ọ̀gá, ṣé ká máa lọ?

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí títì Cocody. Àwọn àgbà ń bẹ̀ wọ́n. Bàbá mi ò gbé ọwọ́ kúrò lára ìlẹ̀kùn títí mo fi dìde, tí mo wọlé. Wọ́n wà wá délé, wọ́n sì wà á dáadáa.

Láti ọjọ́ yẹn, àràárọ̀ ni wọ́n ń fọ ọkọ̀ náà. Bí mo bá jáde, wọ́n á ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n á kí mi káàárọ̀: "Bonjour, patron." Ìyá mi kúnlẹ̀ títí, ẹkún ò tán lójú wọn. Pásítọ̀ bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ṣé mo bú u ni? Ẹni tó ni ọkọ̀, òun ni patron."

Mo bínú sí wọn, n kò ní purọ́. Mo ṣì ń bínú. Mo fi òógùn ojú mi ra ohun tí olówó fi itọ́ ẹnu ṣèlérí, èmi ni wọ́n wá dá lẹ́bi. Ìgbà tó pẹ́ ni mo tó mọ̀ pé wọn ò fẹ́ ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí patron jẹ́ ẹni tí kì í gbàgbé wọn ni wọ́n ń fẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ wà lábẹ́ máńgòrò, ó ṣì ń bọ̀. Èmi ni mo wà á dé.

Mo tà á. Ọmọkùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ háyà fún ìgbéyàwó ní Zone 4 ló rà á. Lọ́jọ́ tó wá gbé e, bàbá mi ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti fi aṣọ gbígbẹ nu irin iwájú rẹ̀ títí ó fi ń tàn. Ọmọkùnrin náà ń lọ síbi ìlẹ̀kùn awakọ̀. Bàbá mi ti ṣí ti ẹ̀yìn fún un.

Wọ́n ní, "Bonjour, patron." Ohùn tí wọ́n fi ń kí mi gan-an ni.