Àyẹ̀wò Ìtọ̀ Ìgbín

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà. Ìgbín ti lo ọjọ́ mọ́kànléláàádọ́rùn-ún láìfọwọ́ kan áìsì.

Áìsì ni oògùn olóró tó rí bíi yìnyín, tó máa ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì láìsùn. Láyé ìgbà yẹn, bó bá ti gun ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé páálí táìlì nínú ilé ìkẹ́rùsí, ṣe làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá wọ kọ̀rọ̀. Ní báyìí, ó ń wà á jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin sórí, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Ìgbín. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Bó ṣe jáwọ́ gan-an ni kò sọ fún wọn. Ẹni tó bá béèrè, èsì kan náà ni: agbára ọkàn ni, ọkàn akọni. Akọni ọ̀hún ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́, tó ń fún un lóògùn láràárọ̀, tó sì ń yẹ ẹnu rẹ̀ wò bóyá ó gbé e mì.

"Gbé ahọ́n sókè."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúkú ka eyín mi."

"Mo ti kà á. Ọ̀kan ń mì."

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tí Ìgbín ti ń gba ìtọ́jú ti là á yé òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kò tíì sí oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní pàtó fún áìsì. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni dókítà ń fún un, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, torí pé méjèèjì pa pọ̀ ti ran àwọn kan lọ́wọ́. Kì í ṣe gbogbo èèyàn. Ó ran Ìgbín lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ọ̀gá ní kí gbogbo awakọ̀ tọ̀ sínú ike. Ó ki pépà àyẹ̀wò bọ ti Ìgbín, ó ní áìsì wà níbẹ̀.

"Ọkàn akọni dà?"

 Kí Ìgbín tó lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀, àfi kó jẹ́wọ́ oògùn tó ń lò. Ó fi iṣẹ́ ọjọ́ náà sílẹ̀, ó gba ilé lọ pẹ̀lú ìtìjú.

Nígbà tó ròyìn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, obìnrin náà bi í bóyá ó fọwọ́ kan áìsì. Ó ní òun ò fọwọ́ kàn án.

"Mo mọ̀. Ẹnu ẹ ni mò ń yẹ̀ wò láràárọ̀, ojú ẹ ò sì jìnnà síbẹ̀."

Ó fa ìwé pélébé inú páálí oògùn yọ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé oògùn náà lè tan irú pépà àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ jẹ. Ẹ̀rọ ńlá tó wà ní yàrá àyẹ̀wò ló lè fìyàtọ̀ sí i. Ó bi àbúrò rẹ̀ bóyá ó ti sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé òun ń lò ó. Ìgbín ká ìwé náà, ó dá a padà sínú páálí.

"Akọni. O yáa jẹ́ kí wọ́n pè ẹ́ lónírọ́, kí wọ́n má ṣáà mọ̀ pé ò ń gbé oògùn mì."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìgbín gbé páálí oògùn náà àti ìwé pélébé inú rẹ̀ kalẹ̀ lójú gbogbo awakọ̀.

"Ọ̀gá, agbára ọkàn mi rèé. Láràárọ̀ ni mò ń gbé e mì."

Ẹnì kan béèrè bóyá wọ́n ní èyí tó ń mú ọ̀gá gbọ́n. Ọ̀gá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó fi ìtọ̀ tó kù ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ńlá, ó sì fi Ìgbín sídìí ìgbálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Èsì dé: kò sí áìsì. Wọ́n dá a padà sórí ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì.

Ìwọ tí àyẹ̀wò ẹlòmíì wà lọ́wọ́ rẹ, pè é sí kọ̀rọ̀, béèrè oògùn tó ń lò, kí o sì dúró de èsì ẹ̀rọ ńlá kí o tó dá a lẹ́jọ́.