Kí Ni Màmá Sè Láàárọ̀ Yìí?

Orúnkún mi ọ̀tún ṣì máa ń dùn mí tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Bọ́ọ̀lù ló ṣe é. Nígbà tí mo wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin kan ní Ajégúnlẹ̀, ọmọbìnrin kan sáré wá gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ mi, orúnkún ló gbá. Àbúrò mi ọkùnrin tó wá wòran ló pọ̀n mí délé. Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin náà àti ìyá rẹ̀ gbé ọsàn wá bẹ̀ wá. Ó ń sunkún ju èmi tí mo fara pa lọ. Màmá wa bó ọ̀kan nínú ọsàn náà fún un, ó ní kó jẹ ẹ́, pé àṣìṣe ni.

Màmá kan náà yìí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìjà ẹ̀ṣẹ́ sétí. Nígbà tí àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í kan ẹ̀ṣẹ́, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí wọ́n bá òun gbàdúrà sí i. Inú bí àbúrò mi. Ó ní, "Màmá, bọ́ọ̀lù ló sọ Sístà di ẹni tó ń tiro, ẹ ò sì gbàdúrà lé bọ́ọ̀lù lórí." Lójú tèmi, òótọ́ ló sọ. Èmi tí mò ń tiro náà ni mo bá a bẹ Màmá.

Níbi tó ti ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́, wọ́n ní àṣà kan. Kọ́ọ̀ṣì kọ́ ló ń di táwẹ̀lì mú lọ́jọ́ ìjà, ẹbí akànṣẹ́ ni. Tí wọ́n bá ju táwẹ̀lì yẹn sójú ìjà, ìjà parí, ẹni wọn sì ti pàdánù nìyẹn. Kọ́ọ̀ṣì ní òun mọ ara òun, pé òun fẹ́ràn àtiborí jù. Ó ní kí ẹni tó ń bá akànṣẹ́ gbé ilé kan náà bá òun dì í mú. Bí mo ṣe di ẹni tó ń dúró lẹ́yìn àbúrò mi nìyẹn.

Iṣẹ́ ti kọ́ọ̀ṣì ni ìbéèrè. Tí ráùn kan bá parí, tí akànṣẹ́ bá wá jókòó, yóò bi í: "Which day be today? Where we dey? How body?" Ẹni tí orí rẹ̀ bá pé yóò dáhùn. Lọ́jọ́ kan mo bá kọ́ọ̀ṣì jiyàn, mo ní eré wo ni wọ́n ti ń bi èèyàn bóyá orí rẹ̀ ṣì pé. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin agbábọ́ọ̀lù, tí ẹ bá forí gbárí, ta ló ń bi yín ní nǹkan kan? Omi tútù ni wọ́n á dà lé yín lórí, wọ́n á ní ẹ máa sáré lọ. Àwa ń béèrè ni tiwa."

Ohun tí kọ́ọ̀ṣì kò rò ni pé ìbéèrè kan náà ló ń bi gbogbo wọn, wọ́n sì ti mọ ìdáhùn rẹ̀ sórí. Mo máa ń gbọ́ àbúrò mi ní balùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìjà, tó ń fi kọrin: Sátidé, Ajégúnlẹ̀, I dey kampe. Màá máa rẹ́rìn-ín. Ká sòótọ́, mi ò ro nǹkan kan sí i.

Ìjà tí mò ń sọ yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ mú àwọn tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni àbúrò mi ti ń ru ẹrù ní Liverpool Road, ní Àpápá. Ìjà yìí ló fọkàn sí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà Màmá din dùǹdú, ó din ẹyin sí i. Kò sọ̀rọ̀ ìjà, ṣùgbọ́n ẹyin mẹ́ta ló fi sínú abọ́ àbúrò mi. Ó jẹ tirẹ̀ tán, ó tún fa tèmi jẹ. Lójú ọ̀nà ó ní, "Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, ẹ má ju táwẹ̀lì yẹn." Mo ṣèlérí fún un.

Ó ń borí o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn dáadáa, torí òun náà kì í jẹ́ kí n gbàgbé. Nígbà tí ráùn kejì ń parí lọ, ọmọ Ìjọra tó ń bá jà kàn án ní ẹ̀ṣẹ́ kan lẹ́bàá etí. Kò ṣubú. Ó mirí, ó ń jà lọ, àwọn èrò ń pariwo. Nígbà tó wá jókòó, kọ́ọ̀ṣì bi í, ó dáhùn geerege: "Sátidé. Ajégúnlẹ̀. I dey kampe." Kọ́ọ̀ṣì gbá a léjìká, inú rẹ̀ dùn.

Èmi ni mò ń nu ojú rẹ̀. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọwọ́ ni mo ti ń nu ojú yẹn, ojú náà kò sì jọ tiẹ̀ mọ́. Mi ò mọ ohun tó ti ìbéèrè sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Kí ni Màmá sè láàárọ̀ yìí?"

Ó wò mí tìfẹ́tìfẹ́. Ó ní, "Sátidé."

Mo tún bi í. Ó ní, "Ajégúnlẹ̀." Agogo dún, ó dìde. Mo ju táwẹ̀lì.

Wọ́n bú mi dáadáa lọ́jọ́ náà. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ká dúpẹ́ pé kò jẹ ẹ̀ṣẹ́ mìíràn lé e. Oṣù mẹ́rin gbáko, àbúrò mi ń kí mi torí pé ẹ̀gbọ́n ni mí, kò bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ní, "Nígbà tí orúnkún yín fọ́, ṣé mo ní kí ẹ má gbá bọ́ọ̀lù mọ́?"

Mo ní, "Orúnkún kọ́ ni mo fi ń dá ẹ mọ̀."

Ọmọ Ìjọra yẹn kò gbé ọsàn wá. Mi ò bínú sí i. Ẹni tó gbá orúnkún mi, bọ́ọ̀lù ló ń wá. Orí àbúrò mi ni ọmọ yẹn ń wá, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni. Kí ló fẹ́ wá bẹ̀bẹ̀ fún? Èmi náà sì ti pàtẹ́wọ́ fún irú ẹ̀ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé àbúrò mi ló kàn án. Ìyẹn ló máa ń dùn mí jù.

Àbúrò mi kò kan ẹ̀ṣẹ́ mọ́. Òun ló ń bi àwọn akànṣẹ́ ní ìbéèrè báyìí, àràárọ̀ ọjọ́ ìjà ló sì máa ń pe ilé wọn láti mọ ohun tí wọ́n jẹ. Ṣùgbọ́n ìrántí àárọ̀ tirẹ̀ yẹn kò padà sí i lórí. Màmá ti kú. Nígbà míì, àbúrò mi máa ń wá bá mi ní ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá, yóò jókòó, yóò ní, "Sístà, kí ni Màmá sè?"

"Dùǹdú àti ẹyin."

"Ẹyin mélòó?"

"Mẹ́ta. Méjì ni tèmi, o sì tún jẹ níbẹ̀."

Ó ti mọ̀ ọ́n sórí báyìí, ṣùgbọ́n kò rántí rẹ̀. Mo máa ń tún un sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.