Ọwọ́ Mi Kéré, Ìbọn Wọn Tóbi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ ìbọn. Rárá o, adigunjalè kọ́! Èmi fúnra mi ni mo mú ìbọn lọ́wọ́, ìbọn náà ló sì fi mí ṣẹ̀sín.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ọlọ́pàá ni mí. Ẹ tún mọ̀ pé ọwọ́ mi kéré. Ọjọ́ tí a lọ ra òrùka ìgbéyàwó ní Dùgbẹ̀, ẹni tó ń tà á bi ọkọ mi bóyá ọmọ wa la fẹ́ rà á fún!

Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń to fáìlì ní ọ́fíìsì. Ó sú mi! Àyè wá ṣí sílẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń tẹ̀lé adájọ́ kiri, tọkùnrin tobìnrin ni wọ́n sì ń wá. Àmọ́ ìdánwò ìbọn yíyìn wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré lèèyàn sì lè gbìyànjú. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì, kó padà sídìí fáìlì.

Ọ̀gá Bíọ́dún ló ń kọ́ wa. Ọwọ́ wọn yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọwọ́ ni àbí ọkọ́? Lọ́jọ́ ìdánwò àkọ́kọ́, wọ́n gbé ìbọn ìléwọ́ kan fún mi, ràbàtà bí odó. Mo ní ó tóbi jù, sà. Wọ́n ní ìbọn kì í tóbi, ọkàn ọlọ́pàá ló máa ń kéré.

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo gbà á.

Èèkù rẹ̀ sanra débi pé ṣóńṣó ìka mi lásán ló kan ibi tí à ń fà. Kí n tó lè fà á, àfi kí n yí ọwọ́ bí ẹni tó ń ṣí ìgò tó le. Mo yìn ín, ó ta, irin òkè rẹ̀ sáré padà, ó bó mi ní àtàǹpàkò. Ẹ̀jẹ̀! Ọta mẹ́wàá ni mo yìn, mẹ́ta péré ló kan bébà tí wọ́n ní kí n yìnbọn sí. Kọ́lá tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi náà yin mẹ́wàá, ihò mẹ́tàlá ló wà lára bébà tiẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!

Ọ̀gá ní kí n lọ máa gúnyán kí ọwọ́ mi lè le. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí mo wọ kẹ̀kẹ́ ní Ṣàngó, tí mò ń lọ sílé ní Agbowó, mo sunkún débi pé oníkẹ̀kẹ́ bi mí pé ta ló kú. Mo ní èmi ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Àǹtí Rísí, Sájẹ́ǹtì tó ń tọ́jú yàrá ìbọn. Àwọn náà ò fi bẹ́ẹ̀ ga ju tábìlì wọn lọ. Wọ́n wo àtàǹpàkò mi, wọ́n pòṣé.

"Ta ló ní kí o máa bá ìbọn jà?"

"Ọ̀gá ló ní kí n lò ó, mà."

"Ṣé ọwọ́ Ọ̀gá lo fẹ́ fi yìn ín ni?"

Wọ́n kó ìbọn méjì síwájú mi, wọ́n yọ ọta inú wọn, wọ́n yẹ inú méjèèjì wò, wọ́n ní kí èmi náà yẹ̀ ẹ́ wò. Mo sáré mú èyí tó kéré jù, tó rẹwà bíi fóònù tuntun. Mo ní tèmi nìyí! Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n mú mi lọ sí pápá pé kí n yìn ín. Yéè! Ó fúyẹ́ débi pé ọwọ́ mi ló gba gbogbo agbára ọta ọ̀hún, ìka mi tó kéré jù ò tiẹ̀ rí ibi dì mú. Ṣé ẹ rí i? Ẹwà lásán!

Èyí kejì wúwo díẹ̀, àmọ́ èèkù rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀yìn èèkù náà sì ṣeé pààrọ̀. Wọ́n yọ èyí tó sanra, wọ́n fi pẹlẹbẹ sí i. Wọ́n ní kí n dì í mú kó bá egungun apá mi lọ tààrà, kí n wá wò ó bóyá ìka mi á dé ibi fífà láìyí ọwọ́. Ó dé! Mo fa irin òkè rẹ̀ fúnra mi, ó tẹ̀lé mi wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọjọ́ ìdánwò kejì pé. Ọ̀gá wo ìbọn mi, wọ́n bi mí bóyá ti ọmọdé ni mo mú wá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo yin ọta mẹ́wàá. Wọ́n rìn lọ síbi bébà, wọ́n kà á, wọ́n tún kà á, wọ́n tún lọ yẹ ti ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò! Mẹ́sàn-án, tèmi ni gbogbo ẹ̀. Mo yege!

"Kí lo ṣe?"

"Mo pààrọ̀ ìbọn, sà. Mi ò pààrọ̀ ọwọ́."

Wọ́n kàn yíjú sí ọkùnrin tín-ín-rín kan tí ìka rẹ̀ ò dé ibi fífà ìbọn tiẹ̀, wọ́n rọra ní, "Ìwọ, lọ bá Rísí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe gbogbo ohun tó bá le fún wa la ò mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà míì, ohun tí wọ́n dì mọ́ wa lọ́wọ́ ni kò bá wa mu. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni wọ́n gbé fún yín, tí wọ́n tún ní ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n lò? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọkọ ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ o!