Èékánná Tonton Há Mọ́ Léèsì Sùrájù

Gbogbo àdúgbò Abobo Gare ní Abidjan ló mọ̀ pé Ìyá Sàdíà, oníṣòwò abọ́ tó ti Ṣakí wá, kò ní fi ọmọ rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ ìkíni. Ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ wá tọrọ Sàdíà na ọwọ́ sí ìyá, ó ní, "Bonjour, la vieille," ó pe ìyá ní arúgbó. Kò tíì jókòó tí wọ́n ti fi ọ̀nà ilé hàn án.

Ìdí nìyí tí Sàdíà fi lo odindi ọ̀sẹ̀ kan láti kọ́ Sùrájù ní ìdọ̀bálẹ̀ lórí ẹní. Iṣẹ́ fìríìjì ni Sùrájù ń ṣe ní àdúgbò Niangon. Abidjan ni wọ́n bí i sí, Yorùbá tó ń gbọ́ sì pọ̀ ju èyí tó lè sọ lọ. Ní ọjọ́ Àìkú kan lọ́dún 1988, ó yá léèsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀, ó da lọ́fínńdà sára, ó wọlé, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ìyá. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ gan-an bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń rẹ́rìn-ín sí símẹ́ǹtì.

Ibi tó ti fẹ́ dìde ni nǹkan kan ti bà lé e lẹ́yìn.

Tonton ni, odídẹ ilé náà. Bàbá Sàdíà ló máa ń gé èékánná rẹ̀ kí ọlọ́jọ́ tó dé bá a. Láti ọdún méjì yìí, ẹyẹ náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni di òun mú. Èékánná rẹ̀ ti ká bí ìwọ̀ ẹja, àgógó ẹnu rẹ̀ sì ti gùn débi pé agbára káká ló fi ń bó ẹ̀pà. Èékánná mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wọ inú ihò léèsì, wọ́n sì há síbẹ̀. Tonton fà á títí, kò yọ, ló bá figbe ta. Sùrájù náà figbe ta.

"Má mira!" Ìyá Sàdíà pariwo. "Monsieur, tó o bá mira, ẹsẹ̀ ẹ̀ máa kán!"

"Mi ò bouger, Màmá." Ètè Sùrájù ń kan ilẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹyẹ olóògbé bá kán mọ́ ọn lẹ́yìn, ta ni yóò tún fún un níyàwó nínú ilé yìí?

Tonton rí i pé kò sí ọ̀nà, ó sinmi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun Sùrájù wò.

"Sàdíà! Mú coupe-ongles wá, ká gé èékánná ẹ̀, kó o bu ìyẹ̀fun dání, ká fi dá ẹ̀jẹ̀ dúró. A ò ní rí irú àyè yìí mọ́ láyé!" ni ìyá wí.

Èékánná odídẹ dúdú, èèyàn kò lè rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ dé nínú rẹ̀. Nítorí náà, ṣónṣó orí rẹ̀ ni ìyá ń gé, díẹ̀díẹ̀, ó sì ń kà á: "Un. Deux." Martine, ayálégbé wọn, yọjú, ó bá a kẹ́dùn, ó ní, "Yako, mon frère!" ó sì sáré lọ pe gbogbo àgbàlá. Ẹ̀rín sọ. Ẹ̀rín pa Sùrájù náà, ikùn rẹ̀ ń jó lórí símẹ́ǹtì, Tonton sì ń fì síwá sẹ́yìn.

"Má rẹ́rìn-ín, o ń mi ẹyẹ!" Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ló wá pa á lẹ́rìn-ín jù.

"Huit! Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti tán," ni ìyá wí. "Dìde, monsieur."

Sùrájù kò dìde. Ọrùn ń dùn ún, apá ń ro ó, ṣùgbọ́n Tonton ṣì jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí òun bá gbéra, ó di gbére. "Màmá, le bec, ẹnu ẹ̀ ńkọ́? Ẹ ṣe é tán. Mo wà ńbí."

Ìyá Sàdíà nawọ́ sí ọmọ rẹ̀. Ó gba lime, irin pẹlẹbẹ tí Sàdíà fi ń ha èékánná tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ẹnu ẹyẹ náà. Èérún rẹ̀ ń dà sí Sùrájù lọ́rùn, ó ń yún un, kò mira. Nígbà tó tán, wọ́n fún Tonton ní ẹ̀pà. Pá! Èèpo bọ́ sínú ọrùn léèsì. Ìyá Sàdíà ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń nu omi ojú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ fún Sùrájù létí pé:

"Ọmọ mi, ìgbà wo làwọn ẹbí ẹ ń bọ̀ wá tọrọ ìyàwó?"

"Dimanche, Màmá! Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀!" Ó fẹ́ fò sókè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kú, Sàdíà àti Martine ló gbé e dìde.