Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fò Nínú Ìtàn Yèyé Àgbà

Mo rántí pé kò sí òkú tó burú ní Ìlórò lásìkò tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún ilé ẹ̀kọ́ girama, nítorí pé èmi ni mo ń kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn. Ẹ mọ̀ pé ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, a kì í sin àgbàlagbà láìsí ìwé ètò ìsìn, ìtàn olóògbé sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ lédè òyìnbó, kódà bí olóògbé kò bá gbọ́ ju "gúdù mọ́nì" lọ. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì wa ló fi ohun ìjà lé mi lọ́wọ́. Ó kọ àwọn ọ̀rọ̀ ìṣàpèjúwe kan sójú pátákó, àwọn tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀ di ọ̀kan: "hard-working", ẹni tí kì í ṣe ọ̀lẹ, "God-fearing", ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run, "soft-spoken", ẹni tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, "kind-hearted", onínúure. Háà! Ẹnu yà mí. Pé èèyàn lè fi ìdè kékeré kan so ọ̀rọ̀ méjì, kí odidi ìwà ẹnìkan sì jókòó sínú rẹ̀! Mo há gbogbo rẹ̀ sórí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n sin òkú.

Bí ẹnìkan bá ti kú, wọn á ní kí wọ́n lọ pe ọmọ tó mọ ìwé. Orí mi a wú. Èmi tí mo ṣì ń sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yèyé àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, òun náà ló sì tọ́ mi. Lọ́jọ́ kan tó ń yí kòkó tó sá síwájú ilé, ó bi mí pé, "Baba tó máa ń fi pónpó lé aya rẹ̀ ká àdúgbò yẹn, kí lo kọ nípa rẹ̀?" Mo ní mo kọ ọ́ pé onínúure ni. Ó wò mí títí. "Ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè," ló wí. "Ó dáa. Lọ mú ìwé rẹ wá, kí o kọ tèmi kí n fi etí ara mi gbọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹ purọ́ mọ́ mi nígbà tí mi ò ní lè fèsì."

Mo kọ ọ́, mo kà á fún un, mo sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó gba "hard-working", ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó yi bí èèpo igi hàn mí. Nígbà tí mo dé "soft-spoken", ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. "Èmi? Èmi tí wọ́n ń gbọ́ ohùn mi láti oko dé ulé? Pa á rẹ́ jàre!" Ṣùgbọ́n nígbà tí mo túmọ̀ "kind-hearted", ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú kòkó. "Yọ ìyẹn náà," ló wí, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

Ibẹ̀ ló ti sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ìyàwó kejì láti Ẹ̀fọ̀n, inú ń bí i gan-an. Ìyàwó náà bí ọmọ, gìrì mú ọmọ, ó sì sáré wá tọrọ àdín tí yóò fi pa á lára. "Àdín wà, mo ní kò sí. Ọmọ náà kú lọ́jọ́ kejì. Bóyá àdín kì bá gbà á là, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ní kò sí, ó sì wà." Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìyàwó fi padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n. Òun kan náà ni Ìyá Ẹ̀fọ̀n tí mo mọ̀, tó máa ń fi iṣu tuntun ránṣẹ́ sí wa lọ́dọọdún!

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Yèyé àgbà ní kí n sin òun lọ bá a. A gun ọ̀kadà méjì lọ sí Ẹ̀fọ̀n, Yèyé àgbà níwájú, èmi lẹ́yìn. Bí a ti wọlé ni Yèyé àgbà kúnlẹ̀. Ìyálé, kó kúnlẹ̀ fún ìyàwó! N kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́. Ìyá Ẹ̀fọ̀n gbé e dìde. "Ìyálé mi," ló wí, "mo rí ìgò àdín náà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yín lọ́jọ́ yẹn."

"O rí i? O sì ń fi uṣu ránṣẹ́ sí mi?"

"Bí mo bá gbé e sínú, èmi ni ì bá pa. Mi ò sì tíì fẹ́ kú."

Yèyé àgbà sunkún bí ọmọdé. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ òyìnbó náà fún un àti ìtumọ̀ rẹ̀, ó ní, "Bí o kò bá fi ẹnu ara rẹ sọ pé ó tọ́ sí mi, ọmọ yìí kò gbọdọ̀ kà á lórí òkú mi." Ìyá Ẹ̀fọ̀n ní kí n pe ọ̀rọ̀ náà fún òun, mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń pè é tẹ̀lé mi. Lẹ́yìn náà ó wọ inú ilé, ó di iṣu fún wa, a sì padà sí Ìlórò. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ní ọdún kejì, Yèyé àgbà sùn, kò jí. Nígbà tí mo lọ tẹ ìwé ètò ìsìn rẹ̀ ní Àrámọ̀kọ, mo fo ọ̀rọ̀ náà. Àwọn bàbá mi bínú, wọ́n ní báwo ni ìyá ìjọ kò ṣe ní jẹ́ onínúure. Mo ní bó ṣe wí nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo dúró níwájú ìjọ, mo ń kà á. Mo kà á dé ìparí, mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ni ìyá arúgbó kan fi ọ̀pá dìde níjòókòó iwájú. Ìyá Ẹ̀fọ̀n ni.

"Ọmọ mi, dúró. Láti ìgbà tí o ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń tẹ́tí, mi ò gbọ́ ọ. Káìdì-hátéèdì dà?"

Àlùfáà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ìyálé mi kúnlẹ̀ fún mi. Ẹni tí kò ní inú rere kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo rí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni mo ní kí o sọ ọ́."

Mo sọ ọ́. Omijé ti bo ojú mi, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ kékeré yẹn sì bà mí bí ohun tó ju agbára mi lọ.

Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni èmi náà báyìí ní Àrámọ̀kọ. Mo ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà sójú pátákó, àwọn ọmọ ń dà wọ́n kọ kíákíá gẹ́gẹ́ bí èmi náà ti ṣe, ojú wọn ń dán. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má kánjú fi wọ́n pe ẹnikẹ́ni. Lọ́dún tó kọjá ni Ìyá Ẹ̀fọ̀n lọ, wọ́n sì ránṣẹ́ sí mi láti wá kọ ìtàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣàpèjúwe kan ṣoṣo ni mo kọ sí i, n kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè kí n tó kọ ọ́.