Orúkọ Tó Wà Lára Dírááfù Ìyá Boram

Ọ̀gá Maeng kì í sọ̀rọ̀. Ní ọjà ẹ̀rọ Yongsan yìí, níbi tí gbogbo wa ti ń fi ariwo fa oníbàárà, òun á jókòó sẹ́yìn gíláàsì rẹ̀, á máa tú kọ̀ǹpútà. Ìrẹsì tí a fi ewé òkun wé ni mo ń tà ní ọ̀kánkán rẹ̀. Ẹnu mi kì í dákẹ́ ní tèmi, bóyá ìdí nìyẹn tí Ọlọ́run fi ní ká kọjú síra wa. Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti kó lọ sí Busan, òun nìkan ló ń jẹun, òun nìkan ló ń fọ abọ́. Àánú rẹ̀ a máa ṣe mí, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá odi tàkúrọ̀sọ?

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Boram, opó kan tó ń gbé lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, gbé kọ̀ǹpútà ọkọ rẹ̀ wá. Ẹ̀rọ náà ti ń falẹ̀ jù. Ọ̀gá Maeng ní òun á da gbogbo ohun tó wà nínú dírááfù rẹ̀, ìyẹn ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí, kọ sórí tuntun tó yára, òun á sì nu ti àtijọ́ mọ́ tónítóní. Obìnrin náà ní kò burú.

Tí wọ́n bá da dírááfù kọ báyìí, orúkọ kan náà ni méjèèjì á máa jẹ́ lójú kọ̀ǹpútà. Kí Ọ̀gá Maeng má baà ṣèèṣì nu èyí tí kò yẹ, á kọ́kọ́ sọ dírááfù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ da nǹkan kọ sí ní "Tuntun". Tó bá parí, á dá orúkọ ti tẹ́lẹ̀ padà. Ibi tó ti ń ṣe é lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni mo ti gbọ́ tó dá sọ̀rọ̀: "Rárá o, mi ò tíì jẹun."

"Ta lẹ ń bá wí? Àbí ẹ fẹ́ ra ìrẹsì?"

Ojú tì í. Ó ní kò sí nǹkan kan. Ìtìjú yẹn ló gbé e lọ́kàn lọ: ó nu dírááfù àtijọ́, ó gbé ẹ̀rọ fún olówó ẹ̀, kò sì dá orúkọ padà.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá náà dé, ó gbá kọ̀ǹpútà mọ́ àyà.

"Ọ̀gá, gbogbo fọ́tò ló pé. Ṣùgbọ́n orúkọ ara dírááfù yẹn ńkọ́? 'Tuntun' ni mo ń rí. Ọkọ mi ló kọ ti tẹ́lẹ̀."

"Ẹ sọ ọ́, kó tún un kọ!" Èmi nìyẹn. "Kí ló nira ńbẹ̀?"

Ó wolẹ̀. "Ọ̀rọ̀ àárín èmi àti ẹ̀ ni. Ṣé àárín ọjà ni mo fẹ́ ti sọ ọ́? Ọ̀gá, ẹ sáà bá mi wò ó lára ti àtijọ́."

"Mo ti nu ún, mà."

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Obìnrin náà bú sẹ́kún. "Àràárọ̀ ni mo máa ń ṣí i kí n lè rí i. Kò sẹ́lòmíì tó ń béèrè mi mọ́."

Ọ̀gá Maeng fa kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó rọra tẹ̀ ẹ́, ó sì yí i sí obìnrin náà. Mo na ọrùn, mo kà á: "Ìyá Boram, ṣé o ti jẹun?"

Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. "Òun gan-an ni! Pẹ̀lú gbogbo kọ̀ǹpútà tí ẹ ń tún ṣe, báwo lẹ ṣe rántí?"

"Mo dá a lóhùn ni, mà," ni Ọ̀gá Maeng wí. "Ó ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti bi mí."

Ẹnu mi tí kì í dákẹ́, ó dákẹ́.